Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa: Olùkọ́ àti Ẹ̀rọ Ìgbàlódé Nínú Kíláàsì

Láti ìgbà tí a ti kéde pé ojú ewé yìí yóò dá lórí bí àwọn olùkọ́ ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbàlódé nínú kíláàsì ni lẹ́tà ti ń wọlé sí wa. Àwọn olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn òbí àti àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gbẹ́yìn. Mo ti yan mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò. Bí ìdáhùn kan bá gùn ju òmíràn lọ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ èèyàn ni.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba kan ní Òkè-Ògùn. Àwọn ọmọ JSS 1 tí mò ń kọ́ lé ní 70 nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Kò sí iná mànàmáná, kò sí kọ̀ǹpútà. Fóònù ọwọ́ mi nìkan ni ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pè wá sí, wọ́n ní kí gbogbo wa máa fi ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni irú èmi lè ṣe? — Olùkọ́ Ìṣirò, Òkè-Ògùn

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń rú àwọn ọmọ lójú, kí ẹ tó wá wò ó bóyá ẹ̀rọ kan wà tó lè bá yín là á yé wọn. Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba ọ̀nà òdì: wọn a fi oríṣiríṣi áàpù han olùkọ́, wọn a sì ní kó máa wá ibi tí yóò ti lò wọ́n kiri.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdá nínú ìṣirò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹ kọ ¼ àti ⅓ sí ojú pátákó, kí ẹ béèrè èyí tó tóbi jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò mú ¼, nítorí wọ́n mọ̀ pé 4 ju 3 lọ. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n nawọ́, àwọn ọmọ díẹ̀ tó máa ń nawọ́ lójoojúmọ́ náà ni yóò tún nawọ́, wọn yóò gbà á, ẹ̀yin yóò sì rò pé ó ti yé gbogbo kíláàsì. Ìṣòro kíláàsì tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn: olùkọ́ kì í mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó dákẹ́.

Áàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Plickers, tí fóònù olùkọ́ nìkan tó fún iṣẹ́ rẹ̀, tí èèyàn sì lè lò láì san owó. Ẹ ó tẹ káàdì jáde sórí bébà. Àmì dúdú tó wà lójú káàdì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, lẹ́tà A, B, C àti D sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ tó bá mú A yóò yí káàdì rẹ̀ kí A lè wà lókè, yóò gbé e sókè, ẹ̀yin yóò sì fi kámẹ́rà fóònù yín wo kíláàsì láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Kí ẹ tó wò ó tán, iye àwọn tó mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti jáde lójú fóònù yín, tòun ti orúkọ wọn. Wọ́n kọ lẹ́tà náà kéékèèké sára káàdì, nítorí náà kò rọrùn fún ọmọ láti jí ìdáhùn ẹnìkejì rẹ̀ wò. Káàdì 40 ló wà nínú àkójọ tí wọ́n sábà máa ń lò, 63 ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Níwọ̀n bí àwọn ọmọ yín ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún ọmọ méjì-méjì ní káàdì kan. Mo tilẹ̀ fara mọ́ èyí ju kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn méjèèjì yóò kọ́kọ́ jiyàn kí wọ́n tó gbé káàdì sókè, inú iyàn yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ sì ti ń rí àṣìṣe ara wọn.

Bí ẹ bá rí i pé ìdajì kíláàsì ló mú ¼, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé fóònù jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ mú búrẹ́dì méjì tó dọ́gba, ẹ gé ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ gé èkejì sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ pe ọmọ tó mú ¼ jáde pé kó wá mú ègé tó bá wù ú jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tún béèrè ⅕ àti ⅙, kí ẹ tún fi fóònù wò wọ́n, kí ẹ lè mọ àwọn tí ó ti yé àti àwọn tó ṣì kù. Ohun tí ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ kò ju pé ó tọ́ka sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì yé. Búrẹ́dì àti ẹnu yín ló kọ́ ọmọ.

Fóònù yóò jẹ dátà díẹ̀, nítorí náà ẹ ti tẹ àwọn ìbéèrè yín sínú rẹ̀ láti ilé. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá lágbègbè yín, kí àwọn ọmọ kọ A, B, C àti D gàdàgbà-gàdàgbà sórí bébà mẹ́rin, kí wọ́n sì gbé èyí tí wọ́n bá mú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó rí ohun tí kámẹ́rà ìbá rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sí àkọsílẹ̀ orúkọ.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá ẹ̀rọ tí yóò dí àlàfo olùkọ́ nílẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ọ̀kan lára àwọn ìdí rẹ̀ ni láti fi ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, nítorí pé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ti kó ọmọ jọ ju ohun tí àwọn olùkọ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n lè kápá lọ. Amóhùnmáwòrán lè sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò lè rí èyí tó lejú sílẹ̀ láì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin lè rí i, ìdí nìyẹn tí fóònù kan lọ́wọ́ yín kò fi jẹ́ ohun kékeré.

Olóòtú, mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti dá owó jọ, wọ́n sì ní kí a fi ra tábúlẹ́ẹ̀tì 40 kí ilé-ẹ̀kọ́ wa má bàa gbẹ́yìn láàárín àwọn tó kù. Àwọn olùkọ́ mi kan ń dunnú, àwọn kan ń kùn. Ìmọ̀ràn wo lẹ ní? — Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́, Ìjẹ̀bú

Ọ̀gá, ó dára tí ẹ béèrè kí owó tó jáde, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dé tán ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń ronú ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ra 40.

Orílẹ̀-èdè Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà ti tọ ọ̀nà yìí rí. Ìjọba ibẹ̀ pín kọ̀ǹpútà alágbèéká kéékèèké fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, títí iye tí wọ́n pín fi lé ní 800,000. Báńkì Ìdàgbàsókè Àwọn Orílẹ̀-Èdè Amẹ́ríkà wá ṣe ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ 319 ní ìgbèríko, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012: nínú ìdánwò ìṣirò àti èdè, àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà kò ta àwọn tí kò gbà á yọ. Wọ́n mọ ẹ̀rọ náà lò dáadáa, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wọn kò rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tó gbà nípa bí wọn yóò ṣe mú un wọ inú ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, ẹ̀kọ́ sì ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Nílé níbí, àwọn tó wà ní Ọ̀ṣun ní 2013 kò ní gbàgbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ògbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àgbà. Wọ́n ti kó ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ọmọ tó lè kà wọ́n. Mo gbóríyìn fún èrò yẹn títí di òní, nítorí pé ẹni tó gbé e kalẹ̀ mọ irú ibi tí à ń gbé, níbi tí iná àti dátà kò ti dáni lójú. Àmọ́ gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni, ló ń béèrè owó lọ́dọọdún. Bátìrì ń gbó, ojú rẹ̀ ń fọ́, ìwé inú rẹ̀ sì ń di ti àtijọ́ nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ bá yí padà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí ríra kò ní rí ohun tí yóò fi tọ́jú ohun tó rà.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni owó náà wà, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni n ó kọ́kọ́ rà, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣì lágbára, kí n gbé ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Kolibri sórí rẹ̀. Àjọ Learning Equality ló ṣe é fún àwọn ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti ṣeé gbára lé. Ibi tí dátà bá ti pọ̀ ni ẹ ó ti gba àwọn ẹ̀kọ́, fídíò àti ìwé ìtàn sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà yẹn ni yóò máa pín wọn fún àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà ní yàrá kan náà, láì jẹ dátà kankan. Tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pín ọ̀kan lò. Owó tó bá ṣẹ́ kù, kí ẹ fi ra pánẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì, kí ẹ sì fi ìyókù pamọ́ fún àtúnṣe.

Kí ẹ lè rí ohun tí pípín lò lè ṣe, ẹ wo ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná. Nínú àwọn ohun tó wà lórí Kolibri ni PhET, iṣẹ́ Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ ti lè fi ìka fa bátìrì, wáyà àti gílóòbù wá sójú kan, kó sì so wọ́n pọ̀. Ẹ fún ọmọ mẹ́rin ní ẹ̀rọ kan, kí ẹ ní kí wọ́n tan gílóòbù. Ọ̀kan yóò so wáyà kan ṣoṣo láti ara bátìrì lọ síbi gílóòbù, kò ní tàn. Èkejì yóò ní bátìrì ló ti kú. Ẹ̀kẹta yóò gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, yóò fi wáyà kejì dá a padà sí ìdí bátìrì, iná yóò sì tàn, wọn yóò hó yèè. Nígbà náà ni kí olùkọ́ bọ́ sáàárín wọn kó béèrè ìdí tí ti àkọ́kọ́ kò fi tàn. Bí àyè bá wà, kí ó gbé bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà gidi àti gílóòbù kékeré sílẹ̀, kí wọ́n ṣe é lójú ara wọn.

Ní ti àwọn olùkọ́ tó ń kùn, ẹ gbọ́ tiwọn, nítorí pé ẹ̀rù iṣẹ́ àfikún ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán. Ẹ fún wọn ní sáà ẹ̀kọ́ kan. Kí ẹ má béèrè ju ẹ̀kọ́ kan lọ́sẹ̀ kan lọ, kí olùkọ́ mìíràn jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wò ó, kí àwọn méjèèjì sì jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yọ ẹrù mìíràn kúrò lọ́rùn wọn lọ́sẹ̀ náà. Lẹ́yìn sáà kan, àwọn fúnra wọn ni yóò sọ iye tábúlẹ́ẹ̀tì tó yẹ kí ẹ fi kún un.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ ra ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ látòkè délẹ̀ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì olùkọ́, bí irú èyí tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2019 lábẹ́ ètò EkoEXCEL. Ó ń ran olùkọ́ tí kò ráyè múra sílẹ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ máa lọ déédéé. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yẹn, ẹ rí i dájú pé olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dúró kó sì padà sẹ́yìn nígbà tí ó bá rí i pé ọ̀rọ̀ kò yé àwọn ọmọ.

Ẹ kú déédéé ìwòyí, Olóòtú. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀yọ́. Gbogbo ohun tí mo ń rí lórí ẹ̀rọ ló jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tilẹ̀ ń bi mí bóyá Yorùbá wà lórí kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ̀rọ ní ohun kan fún wa? — Olùkọ́ Èdè Yorùbá, Ọ̀yọ́

Olùkọ́ wa, ó ní. Mo tilẹ̀ gbà pé kò sí iṣẹ́ tí fóònù bá mu tó ti olùkọ́ Yorùbá, nítorí pé ohùn ni ọrọ̀ èdè wa, agbohùnsílẹ̀ sì wà nínú gbogbo fóònù.

Ẹ gbé iṣẹ́ yìí fún wọn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà nínú ilé, kó tọrọ àyè, kó sì fi fóònù òbí gba oríkì ìdílé sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n bá padà wá, kí ẹgbẹ́ ọlọ́mọ mẹ́rin jókòó ti fóònù kan, kí wọ́n máa gbọ́ ìlà kan, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ní ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí wọn tí wọ́n ń jà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀kan yóò ní òkè ni ohùn náà lọ, òmíràn yóò ní àárín ni, wọn yóò sì dá fóònù padà sẹ́yìn kí etí lè ṣe ìdájọ́. Wọn yóò kan ibi tí àgbà ti pa fáwẹ̀lì jẹ, wọn yóò kan ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ rí, àwọn kan yóò sì padà lọ bi àgbà náà ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ìpajẹ àti àmì ohùn tí ẹ ti ń fi sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko ṣàlàyé lójú pátákó yóò wá di ohun tí wọ́n ń wá fúnra wọn.

Ní ti títẹ Yorùbá, àtẹ Gboard tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android ní Yorùbá nínú; ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan èdè, kí ẹ mú un, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹ mú wọn lọ sórí YorubaName.com tí Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ ní 2015, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ kó sì yẹ ìtumọ̀ rẹ̀ wò. African Storybook náà ní ìwé ìtàn ọ̀fẹ́ lédè Yorùbá fún àwọn ọmọ kéékèèké. Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá láti 2013. Ẹ má fi kọ́ wọn, ẹ fi dán wọn wò. Kí wọ́n fi òwe tàbí ìpínrọ̀ kan sínú rẹ̀, kí wọ́n sì tún ohun tó bá gbé jáde ṣe.

Kí n tó kúrò lórí lẹ́tà yìí, mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò náà gbọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ tí wọ́n kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Fídíò tí olùkọ́ ń gbé sí ojú ògiri lónìí sábà máa ń jẹ́ ti òyìnbó tó ń yára sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó máa lọ láì dúró. Ẹ gé e sí ìṣẹ́jú méjì-méjì, ẹ dá a dúró, ẹ fi Yorùbá béèrè ohun tí wọ́n rí, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ ọmọ mi tó wà ní Primary 5 máa ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ọmọ náà yóò gba fóònù mi pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́, nígbà tí mo bá fi máa wò ó, eré orí fóònù ló ń ṣe. Bí mo bá kọ̀, wọn yóò ní mi ò bìkítà fún ẹ̀kọ́ ọmọ. — Ìyá Ọlọ́mọ, Abẹ́òkúta

Ìyá wa, ẹ̀bi kankan kò sí lọ́dọ̀ yín. WhatsApp fúnra rẹ̀ ti fi lélẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 13 kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí náà àwọn òbí ni ẹgbẹ́ orí WhatsApp wà fún, kì í ṣe ọmọ Primary 5. Àjọ UNESCO pàápàá, nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2023 lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́, kìlọ̀ pé fóònù lè gba ọkàn ọmọ kúrò nínú ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní ibi tó bá ti wúlò fún ẹ̀kọ́ nìkan ni kí ó ti wà.

Ẹ lọ bá olùkọ́ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí iṣẹ́ àṣetiléwá wà lójú pátákó kí àwọn ọmọ tó jáde, kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé. Bí ó bá fẹ́ fi WhatsApp kún un, ohùn ìṣẹ́jú kan lédè Yorùbá, tó ń ṣàlàyé fún òbí ohun tí wọ́n kọ́ lónìí, yóò ran àwọn òbí tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ púpọ̀, kí ó sì wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa gbé àwòrán àti máàkì ọmọ ọlọ́mọ sórí ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń wò. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fi dandan lé gbígba àyè lọ́wọ́ òbí lórí ìsọfúnni ọmọdé, àti pé ìtìjú ọmọ tó gba òdo kò yẹ kó di ohun tí àdúgbò ń kà.

Olóòtú, ẹ gbà mí. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àgbà kan ní Ọ̀ṣun. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ogun Kírìjì tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ jà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn kó wá: ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ̀wé, ló kọ ọ́ fún wọn. Ṣé kí n fòfin de ẹ̀rọ náà pátápátá ni? — Olùkọ́ Ìtàn, Ọ̀ṣun

Olùkọ́ wa, ẹ lè fòfin dè é nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ kò lè tẹ̀ lé wọn délé. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún wọn ni kí ẹ yí padà. Àròkọ tó ní kí wọ́n sọ ohun tó fa ogun kan àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde ni ọgbọ́n àtọwọ́dá mọ̀ ọ́n kọ jù, nítorí pé irú rẹ̀ ti pọ̀ jáǹtìrẹrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ mú ìdáhùn ẹ̀rọ náà wá sí kíláàsì fúnra yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ pín in. Kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọdún, gbogbo orúkọ àti gbogbo ibi tó dárúkọ, kí wọ́n sì fi ìwé ìtàn tó wà lọ́wọ́ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ṣé ó gba ọdún 1877 tí ogun bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó fi ìyàtọ̀ sáàárín àdéhùn àlàáfíà oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 àti 1893 tí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó? Ṣé kò gbé Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèńgbé ti Iléṣà sí ipò ara wọn? Ẹ̀rọ yìí máa ń sọ irọ́ pẹ̀lú ìdánilójú kan náà tó fi ń sọ òótọ́, kò sì sí ọ̀nà tó dára láti fi han ọmọ ju pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú irọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí ẹ̀rọ kò lè mọ̀. Ọ̀ṣun lẹ wà, Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àwọn ọmọ ogun náà tẹ̀dó sí, kò jìnnà sí yín. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ogun náà nínú ilé wọn, kí ó kọ ọ́, kí ó sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àròkọ gan-an nínú kíláàsì pẹ̀lú bírò, kí ẹ sì máa pe ọmọ díẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ẹnu ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ. Ọmọ tí ẹlòmíràn bá kọ ọ́ fún kì í lè dáhùn ìbéèrè kejì.

Èmi kò sọ pé ẹ̀rọ yìí kò wúlò. Ní 2024, Báńkì Àgbáyé àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣe ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan ní Benin, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìdánwò sì dé, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí kò sí nínú ètò náà lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé olùkọ́ wà nínú yàrá, òun ló gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kalẹ̀, òun ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Èyí kò jọ ọmọ tó dá jókòó lórí ibùsùn láàjìn tó ń da àròkọ kọ.

Àbúrò mi fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí nítorí ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò ní. Kí ni àwọn olùkọ́ wọn lè ṣe fún wọn? — Ẹ̀gbọ́n Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkirè

Wọ́n lè ṣe púpọ̀. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 180 ni ní wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta tó kù. Kò pọn dandan kí ọmọ mọ máòsì lò. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré lèèyàn lè fi ṣe ìdánwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sí èyí tó ṣáájú, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti R bí ó bá yí èrò rẹ̀ padà lẹ́yìn tó ti tẹ S, tí kò sì fẹ́ jáde mọ́.

Kí olùkọ́ ya àtẹ kọ̀ǹpútà bí ó ti rí gan-an sórí páálí, kí ó fi àwọ̀ pupa kun mẹ́jọ yẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya tirẹ̀. Kí wọ́n máa gbé ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá síwájú, kí wọ́n máa tẹ ìdáhùn lórí páálí náà, kí olùkọ́ sì máa wo aago, nítorí pé ìṣẹ́jú kan kò pé fún ìbéèrè kan. Nígbà tí ìka wọn bá ti mọ ọ̀nà, kí ilé-ẹ̀kọ́ bá ibùdó kọ̀ǹpútà kan nítòsí sọ̀rọ̀, kí wọ́n kó wọn lọ síbẹ̀ fún ọ̀sán méjì tàbí mẹ́ta kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Bí JAMB bá ṣí ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò àfidánrawò wọn lọ́dún náà, kí àbúrò yín má ṣe jẹ́ kó kọjá òun.